Ajá tó sọnù ń gbọ́ fèrè

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó ń gbọ́. Etí ajá mú ju tiwa lọ, ohùn olówó rẹ̀ kì í sì í ṣàjèjì sí i. Ẹ̀rù ni kì í jẹ́ kó dáhùn. Ajá tí bángà bú mọ́ létí, tàbí tí àrá sán lé lórí tó sì gba abẹ́ géètì sá jáde, kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá mọ́ lákòókò yẹn. Ohunkóhun tó bá ń sáré bọ̀ tariwo-tariwo, sísá ló máa sá fún un, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ láràárọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ajá fi ń sọnù lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan: ẹ̀ẹ̀kan nígbà tó jáde nílé, ẹ̀ẹ̀kejì nígbà tí èèyàn méje gbá tẹ̀lé e, tí wọ́n ń ké orúkọ rẹ̀, tó sì já sí márosẹ̀.

Bí ajá tàbí ológbò yín bá jáde tí ẹ ò rí i mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jókòó ti Facebook. Ní wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ àti ẹnu ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ìtòsí ilé sì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ológbò. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nípa ológbò 1,210 tó sọnù. Nínú àwọn tí wọ́n rí, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò kọjá 500 mítà sí ibi tí wọ́n ti jáde. Ìyẹn kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ológbò tí kì í jáde nílé tẹ́lẹ̀ tún máa ń sún mọ́ ilé ju àwọn tó ń jáde lọ.

Kí ẹ tó jáde

Ẹ kọ́kọ́ tú inú ilé. Ológbò lè wà lẹ́yìn fíríìjì, nínú wọ́dúróòbù, lókè àjà, lábẹ́ sínkì, nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣíná ọkọ̀ nínú ọgbà láìtíì gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ ajá máa ń há sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ tàbí sínú gọ́tà ẹ̀yìnkùlé. Bí kànga tàbí sọkawéè kan bá wà tí ìdérí rẹ̀ kò dáa, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró sílé. Gbogbo ilé á jáde lọ wá ajá, wọ́n á ti géètì, ajá á padà wá bá ìlẹ̀kùn títì, á sì tún bá tirẹ̀ lọ: ó ń ṣẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ẹni tó dúró ṣí géètì díẹ̀, kó jókòó síbi tí ojú rẹ̀ ti tó o, kó sì tẹ́ aṣọ tí ẹran náà ń sùn lé sẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú aṣọ kan tí ẹ wọ̀ lánàá tí ẹ ò tíì fọ̀. Òórùn yẹn ló máa mú un mọ̀nà. Àwọn kan máa ń ní kí a gbé páànù tí ológbò ń yàgbẹ́ sí síta. Ẹ má ṣe é. Akọ ológbò àdúgbò ló máa pè wá, bí òmíràn bá sì ti gba ibẹ̀, ẹ̀rù ò ní í jẹ́ kí tiyín sún mọ́ tòsí.

Ohun tí ẹ máa mú dání kò pọ̀: tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, okùn bíi mítà méjì tí ẹ lè ta ní ojóbó, fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún tí fọ́tò ẹran náà sì wà nínú rẹ̀, àti oúnjẹ tó ń ta sánsán. Ẹja gbígbẹ, ẹran sísun tàbí edé ni kí ẹ mú. Bisikíìtì kò ní òórùn tó ń rìn jìnnà.

Bí a ṣe ń béèrè

Ẹ má bi èèyàn pé, “Ṣé ẹ rí ajá mi?” “Rárá o” ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn kí wọ́n tó ronú. Ẹ bi wọ́n pé, “Ajá wo lẹ rí tó gba ibí kọjá láti àárọ̀?” kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Orúkọ tí òyìnbó fún irú ajá yẹn kò já mọ́ nǹkan kan létí ìyá alákàrà. Ẹ sọ ọ́ bí ojú ṣe ń rí i: “Ajá funfun onírun gbọọrọ, kò ga ju ọmọ ewúrẹ́ lọ, etí rẹ̀ kan dúdú.”

Àwọn tó mọ ohun tó gba òpópónà kọjá ni àwọn tó ń jókòó síbi kan láti ìdájí: alákàrà, fọganáísà, mẹ́gádì, àti ẹlẹ́ran, nítorí ibi tí eegun wà ni ajá tí ebi ń pa máa ń yà sí. Lálẹ́, ó di ọ̀dọ̀ onísùúyà. L'Ékòó, ẹ má gbàgbé àwọn tó ń gbálẹ̀ títì fún LAWMA. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti wà lójú ọ̀nà, àwọn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ rí ẹran tí ọkọ̀ kọlù. Ọlọ́kadà àti oní-Máàrúwá ń rìn jìnnà ju ẹsẹ̀ yín lọ, torí náà ẹ fi fọ́tò sọ́wọ́ alága wọn ní gáréèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ni ògúnná gbòǹgbò. Wọ́n mọ gbogbo ajá àdúgbò, wọ́n mọ ilé tí ajá tuntun wọ̀ lánàá, wọn kì í sì í bò ó.

Irú ajá tí ẹ ń wá ló máa sọ ibi tí ẹ máa wá a dé. Lhasa tàbí Eskimo kì í pẹ́ níta, ẹnì kan á ti gbé e láàárín wákàtí kan nítorí pé ó kéré, ó lẹ́wà, kì í sì í bu èèyàn jẹ. Inú ilé ẹnì kan ló wà, èèyàn lẹ sì ń wá. German Shepherd, Rottweiler àti Boerboel yàtọ̀. Àwọn èèyàn á sọ òkò sí wọn, wọ́n á sì sá lọ fara pamọ́ sínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí, lẹ́yìn ògiri iléèwé, tàbí sínú igbó etí odò. Ilé àkọ́kù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn.

Akọ ajá ìbílẹ̀ tó mọ àdúgbò rẹ̀ dáadáa tó sì pòórá láìsí bángà láìsí àrá, abo ló tẹ̀ lé. Abo ajá máa ń wá akọ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní gbogbogbòò, òórùn rẹ̀ sì lè fa akọ láti àdúgbò mìíràn wá. Ẹ béèrè ibi tí àwọn ajá ti ń kóra jọ jà lóru. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ó bá a, pẹ̀lú ọgbẹ́ létí.

Bí ẹ bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ajá tí wọ́n ti rí. Ẹ dúró. Ẹ má pe orúkọ rẹ̀ lóhùn rara, ẹ má sáré, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, nítorí lójú ajá tí ẹ̀rù ń bà, ẹni tó tẹjú mọ́ ọn ń gbèrò àtimú un jẹ ni. Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó bá yín wá pé kí wọ́n padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, kí ẹ wo ibòmíràn. Ẹ ju ẹran kékeré kan sí iwájú rẹ̀, tó bá jẹ ẹ́, kí èyí tó tẹ̀ lé e sún mọ́ yín díẹ̀. Ó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lè gba wákàtí kan àbọ̀. Ẹ rọra máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì máa fi nylon oúnjẹ rẹ̀ dún wérewère bó ṣe ń dún nílé. Bí ajá mìíràn bá wà nílé tí wọ́n jọ ń ṣeré, ẹ fi okùn mú un wá síbẹ̀. Ajá tí kò gbọ́ tèèyàn á gbọ́ ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má gbá a mú lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kó gbóòórùn ọwọ́ yín, kí ẹ rin igbáàyà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá yọ ojóbó lé e lórí bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́. Ẹni tó bá já lù ú, ó lè bù ú jẹ, kódà kó jẹ́ ẹni tó tọ́ ọ dàgbà. Ajá tó bá jẹ́ pé eré ló ń ṣe, tí ìrù rẹ̀ ń jù, tó ń sá tó ń bojú wẹ̀yìn, ìyẹn ní tirẹ̀ kò fẹ́ sùúrù: ẹ kọ ẹ̀yìn sí i kí ẹ sáré lọ sílé. Á tẹ̀ lé yín.

Òru ni ti ológbò

Ológbò tó sọnù kì í ké, kì í sì í jáde lọ́sàn-án. Ó wà lábẹ́ pákó, nínú páìpù gọ́tà, lábẹ́ ìsọ̀ ọjà tó ti tì, tàbí lórí òrùlé aládùúgbò, ó sì ń wò yín bí ẹ ṣe ń kọjá. Láàárín agogo méjìlá sí mẹ́rin òru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́, ni kí ẹ wá a. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ojú yín, kí ẹ má gbé e sí ìdí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yín ni ìmọ́lẹ̀ ti máa kan ojú ológbò náà tó sì máa tàn padà sí yín bí ẹyin iná méjì. Ẹ rin ogún ìṣísẹ̀, kí ẹ dúró, kí ẹ gbọ́, kí ẹ tún rìn.

Ẹ ò gbọdọ̀ ṣe èyí láìkọ́kọ́ sọ fún ọlọ́dẹ àdúgbò àti àwọn lánlọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń tan tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ fèrèsé ẹlòmíràn ní agogo méjì òru, olè ni wọ́n máa pè é, ohun tí wọ́n ń ṣe fún olè kò sì nílò àlàyé. Ẹ ní kí ọlọ́dẹ kan bá yín rìn, kí ẹ fún un ní nǹkan. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lọ́sàn-án, ẹ tọrọ àyè wọ ilé aládùúgbò kí ẹ fi ojú ara yín wo ẹ̀yìnkùlé wọn. Ẹni tó ní “kò sí níbí” kò wo abẹ́ táńkì omi.

Bí ẹ bá mọ ibi tó wà ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ẹ sún mọ́ òun, ẹ ní kí wẹ́dà ṣe pàkúté onílé fún yín: kéèjì onírin tó gùn ní 80 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ tó sì ga ní 30, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ á já wálẹ̀ bí ẹran bá tẹ pátákó inú rẹ̀. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn pátákó náà, ní ìpẹ̀kun. Tó bá wà níwájú rẹ̀, ológbò á jẹ ẹ́, á sì padà jáde. Ẹ fi aṣọ bo òkè àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì fi í sínú oòrùn láé.

Ìkéde

Nígbà tó bá di ọjọ́ kejì, ìkéde kàn. Ìwé ìkéde tó dáa kì í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ kọ “AJÁ SỌNÙ” gàdàgbà-gadagba kí ẹni tó wà nínú dánfó lè kà á, kí fọ́tò kan ṣoṣo tẹ̀ lé e, kí ẹ wá kọ àdúgbò, ọjọ́, àti nọ́ńbà méjì. Ẹ kọ “Ẹ̀bùn wà”, ẹ má kọ iye. Iye owó ló ń pe gbájúẹ̀. Ohun tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ fi àmì kan pamọ́, àpá inú itan, èékánná tó funfun, ohunkóhun tí kò hàn nínú fọ́tò, èyí tí ẹ máa fi dán ẹni tó bá pè wò. Lásìkò òjò, ẹ fi nylon bò ó. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ oríta, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ajá, ibi tí wọ́n ti ń fa omi, àti ilé ìwòsàn ẹranko. N'Íbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì wà níbẹ̀. L'Ábẹ́òkúta, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, ní tirẹ̀.

Lórí WhatsApp, ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sínú àwòrán náà gan-an, nítorí bí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ á yà kúrò lára fọ́tò. Ẹ bẹ Lèmọ́ọ̀mù kó fi ẹ̀rọ mọ́sálásí kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ka ìfilọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn àgbàlagbà tí kò ní fóònù ńlá wà lójúde lọ́sàn-án ju ẹnikẹ́ni lọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti dé etí wọn.

Ẹnì kan á pè pé òun ti rí i, pé ó wà lọ́dọ̀ òun ní ìlú mìíràn, kí ẹ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹ ní kó ṣe fídíò ajá náà báyìí, kó gbé ṣíbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì sọ àmì tí ẹ fi pamọ́. Ẹni tí ajá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní tòótọ́ kò ní í bínú. Bí ẹ bá fẹ́ lọ gbà á, ẹ lọ lọ́sàn-án, ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta, síbi tí èrò wà.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n jí i

Ọ̀nà méjì ni ajá jíjí máa ń gbà lọ. Ajá olówó iyebíye ni wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ fi gba ọmọ. Ẹ máa wo Jiji, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ wo àwọn ìlú tó yí yín ká pẹ̀lú, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn tó ń sin irú ajá yẹn. Ajá ìbílẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta á fún jíjẹ tàbí fún ẹbọ ló ń lọ, ìyẹn kò sì ní àkókò púpọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ni kí ẹ ti dé ọjà wọn, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n mọ̀. Ẹ má fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹ fi fọ́tò hàn wọ́n, kí ẹ ní ẹ ṣetán láti rà á padà. Ó dunni pé kéèyàn fi owó ra ohun tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà á gba ọ̀sẹ̀ kan, ajá náà kò sì ní ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹ bá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́, rìsíìtì àti fọ́tò àtijọ́ tí ẹ̀yin àti ajá jọ wà níbẹ̀ dání.

Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì ọrùn yẹ kó ti wáyé ṣáájú gbogbo èyí. Ajá tó ń rìn kiri láìní nǹkan lọ́rùn, tó ti rẹ̀, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ nítorí òùngbẹ, dìgbòlugi ni wọ́n máa pè é, wọ́n á sì lù ú pa. Bẹ́líìtì lọ́rùn rẹ̀ ń sọ pé ó ní olówó, ìyẹn nìkan ti gba ọ̀pọ̀ là. Ẹ gbé bẹ́líìtì aláṣọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ kọ orúkọ sára aṣọ iléèwé, kí wọ́n fi òwú kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i. Bírò àti máàkà á parẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ṣaworo tí àwọn ọdẹ ń so mọ́ ajá wọn lọ́rùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́: òun ló ń sọ ibi tí ajá wà nínú igbó, ó sì ń ṣiṣẹ́ bákan náà nínú òkùnkùn ìgboro. Bí ajá náà bá bu èèyàn jẹ nígbà tó wà níta, kí ẹni náà fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má pa ajá náà. Wọ́n á so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Tó bá ṣì wà láàyè tí kò ṣàìsàn, a jẹ́ pé kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu èèyàn jẹ.

Microchip, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń dá ẹran mọ̀, kò ju hóró ìrẹsì lọ, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti í sábẹ́ awọ láàárín èjìká méjèèjì, nọ́ńbà oní-dígíìtì 15 ló sì wà nínú rẹ̀. Kò ní bátìrì, kò sì lè sọ ibi tí ajá wà; ó dìgbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tó ń kà á sún mọ́ ọn. Nílé níbí, nọ́ńbà tó hàn lọ́rùn ló yá jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní England, òfin ti sọ microchip di dandan fún ajá láti ọdún 2016 àti fún ológbò láti oṣù kẹfà ọdún 2024. Ẹ rí i pé nọ́ńbà fóònù tó wà lórúkọ yín nínú àkọsílẹ̀ microchip náà kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ti jù nù. Ẹ tètè pe council: ọjọ́ méje ni òfin ní kí wọ́n fi tọ́jú ajá tí wọ́n rí níta, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n lè fún ẹlòmíràn.

Nínú ìwádìí ológbò tí mo mẹ́nu bà, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n rí láàyè láàárín ọjọ́ méje, nígbà tí ọdún kan yóò fi pé, ó ti di 61 nínú ọgọ́rùn-ún. Torí náà, ẹ má ká ìwé ìkéde kúrò lọ́sẹ̀ kejì.

Ọjọ́ tó bá wọlé

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, díẹ̀díẹ̀. Ajá tí ebi ti pa fún ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má da oúnjẹ kún àwo fún un bí àánú rẹ̀ tilẹ̀ ń ṣe yín. Oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á da àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rú, ọkàn rẹ̀ sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìdámẹ́rin oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kí ẹ sì máa fi kún un lójoojúmọ́. Ológbò tí kò jẹun fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, pàápàá tó bá sanra tẹ́lẹ̀. Bí ó bá wọlé tí kò fẹ́ jẹun, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni lọ́jọ́ kan náà. Bí ara ẹran náà bá ń gbọ̀n, tí itọ́ ń dà, tí kò lè mí dáadáa, ó lè jẹ́ pé òògùn eku tàbí ti kòkòrò ló jẹ. Ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, ẹ gbé e lọ.

Ẹ já eégbọn kúrò ní etí, abẹ́ apá àti àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ẹ máa ṣí ètè rẹ̀ wo èrìgì. Bó bá funfun tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n bíi zóbò, ó lè jẹ́ pé ibà tí eégbọn ń kó ran ajá ti mú un. Bí ọgbẹ́ ìjà bá wà lára rẹ̀, kí dókítà tún gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kódà bí ti ọdún yìí kò bá tíì parí.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ já gbogbo ìwé ìkéde tí ẹ lẹ̀, kí ẹ fi “A TI RÍ I” ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ẹ fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, kí ẹ sì mú ẹ̀bùn lọ fún ẹni tó rí i gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣèlérí, ìbáà ṣe ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìwé tí wọ́n gbàgbé sára ògiri fún oṣù mẹ́fà ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa kọjá lára ti ẹlòmíràn láìkà á.